Ẹja Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọ́dọ̀ Bá a Fà

Ẹja tí wọn ò ní jẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rin gbogbo ìrìn yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan. Èèyàn á fi ilé sílẹ̀, á wọ ọkọ̀ òfuurufú, á tún wọ ọkọ̀ ojú omi, á dé àwọn erékùṣù tí oòrùn ti ń mú bí ẹni ń gbẹ̀san, á fa ẹja jáde, á yà á ní fọ́tò, á sì dá a padà sínú omi. Ó parí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbádùn.

Kì í ṣe torí ẹja ni Télọ̀ ṣe wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló ni ìrìnàjò. Ọ̀gá Ìwọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ẹ̀, torí gbogbo ìsinmi tí wọ́n bá fún un, ìdí ẹja ló ń bá a lọ. Ẹ̀yà ẹja tí òun fúnra ẹ̀ ò tíì fi ìwọ̀ mú rí ló ń wá kiri. Èyí tó bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, kò kà á sí mọ́. Tuntun ló ń fẹ́. Nígbà tó pe àbúrò ẹ̀ lórí fóònù tó ní, "Wá bá mi lọ, wá gba atẹ́gùn sára, èmi ni màá gbọ́ gbogbo bùkátà ẹ̀," Télọ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ ìyá ilé kejì pé kó bá òun wà lọ́dọ̀ Màámi, ìyá wọn, ó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ pa, ó di ẹrù. Atẹ́gùn kọ́ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń gbìyànjú láti bá bọ̀ọ̀dá ẹ̀ sọ látọjọ́ pípẹ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ti dẹ́nu lé e ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ọ̀dá máa ń ṣàdédé burú. Lójú òkun, ibo ló máa sá gbà?

Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Kí bọ̀ọ̀dá gba Màámi sọ́dọ̀ fún oṣù díẹ̀. Màámi ò lè dá dìde mọ́, ọpọlọ ẹ̀ náà ti ń ṣe ségesège. Télọ̀ ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń jí dìde lóru torí pé Màámi ní òun fẹ́ lọ sílé ìwé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tó ń lọ. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ láìrán títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó o padà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíì ò tiẹ̀ kí i mọ́ tí wọ́n bá ń kọjá. Tí wọ́n bá bá a gba Màámi, á ṣí ṣọ́ọ̀bù, á sùn, á tún máa jókòó nídìí maṣínnì bí èèyàn. Tí wọn ò bá bá a gbà á, kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ̀rù ara ẹ̀ sì ń bà á.

Yàrá méjì tí pákó pín láàárín ni wọ́n gbà sí létí òkun. Fáànù tiẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ nǹkan kan. Ó ń gbọ́ bí bọ̀ọ̀dá ẹ̀ ṣe ń hanrun lódìkejì, ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé lọ́la, tí a bá dórí omi, màá sọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bọ̀ọ̀dá á ti máa gbá pákó: "Àbúrò! Ẹja ti jí o!"

Ẹni tó ń wakọ̀ fún wọn ni wọ́n sọ ní Díẹ̀-ló-kù, torí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ìbéèrè. Ṣé a ti ń débẹ̀? Díẹ̀ ló kù. Ṣé òjò ò ní rọ̀? Díẹ̀ ló kù. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ tí ara bá ti ń kan ọ, wàá fẹ́ tì í sómi.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ni Télọ̀ ti mọ òfin wọn. Ẹja kékeré kan ń fa okùn bọ̀ọ̀dá, òùngbẹ sì ń gbẹ bọ̀ọ̀dá, ni Télọ̀ bá nawọ́ pé kóun bá a di ọ̀pá ìwọ̀ mú kó lè mumi. Igbe tí ọkùnrin náà ké, ẹ máa rò pé iná ló fẹ́ fọwọ́ kàn.

"Má fọwọ́ kàn án! Lọ́dọ̀ àwa tí a ń wá ẹ̀yà tuntun, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà títí ẹja á fi wọnú ọkọ̀. Tí ẹlòmíì bá fi ọmọ ìka kàn án báyìí, mi ò lè sọ pé mo mú un mọ́."

"Ta ló máa mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi?"

"Èmi máa mọ̀."

Télọ̀ wò ó. Olóòótọ́ èèyàn ni bọ̀ọ̀dá ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá ti dọ̀rọ̀ ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń bá a yí erékùṣù nìyẹn. Tí Télọ̀ bá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ Màámi yìí," bọ̀ọ̀dá á ní, "Ṣùú! Nǹkan kan ń tọ́ ìwọ̀ wò." Tí wọ́n bá darí dé, á jẹun, orí ìjókòó náà ni oorun á ti gbé e lọ. Oòrùn ti bó Télọ̀ nímú. Ẹ̀yìn ń ro ó, ìró ẹ́ńjìnnì ń bá a wọnú oorun. Ìsinmi rèé o.

Nígbà tí ìrìn náà ń parí lọ, ọjọ́ kan wà tí ẹja kan ò jẹ rárá. Òkun dákẹ́, Díẹ̀-ló-kù ń tòògbé nídìí ẹ́ńjìnnì, bọ̀ọ̀dá kàn di ọ̀pá mú ni, kò rí ìdí kankan láti pe ṣùú. Télọ̀ sún mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Mi ò lè ṣe é mọ́. Ẹ bá mi gba Màámi sọ́dọ̀, kódà kó jẹ́ oṣù díẹ̀."

Ọ̀gá Ìwọ̀ wo òkun. "Àbúrò, àárọ̀ ni mò ń jáde, alẹ́ ni mò ń wọlé. Ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀? Ká tiẹ̀ pa ìyẹn tì, ọwọ́ ẹ ló mọ̀. Ọwọ́ ẹ ló ti mọ́ ọn lára. Tí ẹlòmíì bá fọwọ́ kàn án báyìí, wàhálà ni."

Télọ̀ padà sórí ìjókòó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí, wẹ́rẹ́ báyìí ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pá ti tẹ̀ kọdọrọ. Okùn ń sá lọ, ó ń han goooro. Ẹja náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ̀yìn ẹ̀ láwọ̀ ewé, ikùn ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìrù ẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Díẹ̀-ló-kù ta jí, ó gbàgbé ìdáhùn ẹ̀. "Yéè! Ọ̀gá, látọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, mi ò rírú èyí rí!"

Bọ̀ọ̀dá fà, ẹja fà. Ó ká okùn díẹ̀, ẹja gba gbogbo ẹ̀ padà. Ó ń làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀ lórí pákó, ẹja sì ń wọ́ ọ bọ̀ létí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àbúrò! Bá mi mú un!"

"Kí n fọwọ́ kàn án?"

"Fọwọ́ kàn án, mo ní! Mi ò lè dá a ṣe! Apá mi ti kú!"

Télọ̀ fi ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lé itan. "Ọwọ́ yín ló mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Díẹ̀-ló-kù wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò. Okùn já, pàù! Bọ̀ọ̀dá fìdí jókòó sínú ọkọ̀ gbì, ọ̀pá òfìfo lọ́wọ́ ẹ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ìkà ni ẹ́."

"Ó ti rẹ̀ mí ni, bọ̀ọ̀dá. Mi ò lágbára ìkà." Ohùn Télọ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè. "Ẹ ní ọwọ́ mi ló mọ̀? Màámi ò mọ̀ mí. Ó ti pẹ́ tí kò ti mọ̀ mí mọ́. Tí mo bá gbóúnjẹ dé, á ní, 'Ìwọ obìnrin yìí, gbé e kúrò, ọmọ mi ọkùnrin ló máa fún mi lóúnjẹ.' Ẹ̀yin ló ń pè tó bá jí, ẹ̀yin ló ń pè tó bá fẹ́ sùn. Ebi fẹ́ pa á kú. Ni mo bá wá fìlà yín kan tó wà nílé, mo dé e, mo ní, 'Màámi, èmi rèé, mo ti dé.' Ó jẹun. Látìgbà yẹn, mo ti di ẹ̀yin lójú ẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá Ìwọ̀ gbé ọ̀pá sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán rí?"

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí Díẹ̀-ló-kù. Ó ní kí wọ́n máa padà lọ sílé.

Bí ọkọ̀ ṣe fẹnu gúnlẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Bọ̀ọ̀dá ò tíì bọ́ sílẹ̀ tó ti pe ìyá ilé kejì pé kó gbé fóònù sí Màámi létí.

"Màámi, èmi ni o. Ọmọ yín ni."

"Ta nìyẹn?" Ohùn Màámi jáde ketekete.

"Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni. Ohùn ọmọ mi kọ́ nìyí. Ọmọ mi kì í ta kété sí mi, òun ló ń wẹ̀ mí. Ìwọ ọkùnrin yìí, o ṣi fóònù pè. Tóo bá rí ọmọ mi, sọ fún un kó tètè máa bọ̀, ẹni tó wà níbí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé mi."

Ọkùnrin náà na fóònù sí àbúrò ẹ̀. Kò lè wò ó lójú. Télọ̀ gbà á, ó mú ohùn rẹlẹ̀ bíi ti ọkùnrin.

"Màámi, èmi ni."

"Ẹn-hẹn! Ọkọ mi! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi. Mo ti wà lọ́nà."

Nígbà tó pa fóònù, bọ̀ọ̀dá ẹ̀ ti jókòó sórí sìmẹ́ńtì etí omi, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó máa lé mi jáde," ó ní.

"Á lé yín. Á bú yín pẹ̀lú. Ẹ ò kàn ní lọ ni."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá mú un." Ó dìde. "Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?"

Télọ̀ jókòó sórí àpótí ẹja kan, ó sọ apá sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ní èmi ni Màámi. Ẹ tẹ eékún. Ẹ gba abẹ́ apá mi. Ẹ má fi ọwọ́ fà mí, ẹ fi gbogbo ara yín gbé mi."

Bọ̀ọ̀dá tẹ eékún, ó gbá a mọ́ra, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e dìde. Télọ̀ fi gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ lé e lọ́rùn, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká ẹ̀, ó pajú dé. Díẹ̀-ló-kù tó ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?" ni bọ̀ọ̀dá bi í.

"Ẹ má tíì gbé mi sílẹ̀," ni Télọ̀ wí.