Aṣọ Kan, Ọmọ Méjì

Bàtà náà tóbi. Kì í ṣe títóbi tí a lè fi ìbọ̀sẹ̀ dí o. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń rìn kiri nínú rẹ̀ ni. Ìyá Abẹ̀wò fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà, ó tún un tẹ̀, kò bá ọmọ ìka kankan pàdé.

"Dìde dúró dáadáa."

"Mo ti dìde, mà."

"Ṣebí èmi fúnra mi ni mo gbé ẹsẹ̀ rẹ lé páálí ní sáà tó kọjá, tí mo fi bírò fà á yípo?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Páálí yẹn náà ni mo gbé lọ fún oníbàtà. Kí ló wá ṣe ẹsẹ̀ ọ̀hún?"

Ọmọbìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbójú sókè wo òrùlé kíláàsì, ó sì rí ìdáhùn níbẹ̀. "Ó ti sún kì, mà."

Ìyá Abẹ̀wò ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọdé láyé yìí. Wọ́n ti sọ fún un pé ewúrẹ́ jẹ ìwé ìṣirò. Ọmọ kan wà tí ìyá rẹ̀ àgbà kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó ń dàgbà, kó wá sún kì bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí rẹ̀ ni. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Kò rín in, nítorí pé ohun mìíràn ti sọ sí i lọ́kàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bẹ àwọn ọmọ wò, àwọn tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ń sanwó ilé-ìwé fún. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà mọ̀wé ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tó ń kó ọmọ tálákà lọ ni ẹgbẹ́ náà ń bá figa gbága. Àwọn yẹn á wọ àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àti bisikíìtì, wọ́n á ní iṣẹ́ wà níbì kan, wọ́n á ní ilé olówó kan ń wá ọmọ tó máa gbé jòjòló. Tí ọmọ bá ti bá wọn sọdá ẹnubodè, ó di àwátì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nílé-ìwé, tíṣà á pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á béèrè rẹ̀ tí kò bá wá. Olè kì í fẹ́ràn ẹrù tí èèyàn ń béèrè.

Ìyá Abẹ̀wò sì ti rí i rí, lẹ́ẹ̀kan, ní àdúgbò mìíràn, pé òbí ta ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún, ó wá fi ọmọ aládùúgbò rọ́pò rẹ̀ kí ìrànlọ́wọ́ má bàa dáwọ́ dúró. Ohun tó já a láyà nìyẹn. Ọmọ tó ni páálí yẹn dà?

Ó yọjú sí tíṣà, ọkùnrin kan tí ẹfun ti bo ṣòkòtò rẹ̀, tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ débi pé àwọn kan ń kọ̀wé lórí ẹ̀yìn ẹlòmíì.

"Báwo lọmọ yìí ṣe ń ṣe sí?"

"Hẹ̀n, mà, ẹ bá mi dá sí i o," ni tíṣà dáhùn. "Orí rẹ̀ ò yé mi. Ohun tó mọ̀ lónìí, tó bá di ọ̀la, àfi bíi pé wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ kúrò. Tó bá tún di ọ̀túnla, á ti mọ̀ ọ́n padà. Lónìí á fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, lọ́la á fi ọwọ́ ọ̀tún. Mo ti nà án títí, ó sú mi."

"Ẹ ò béèrè ìdí?"

"Mà, ẹ wo iye wọn." Ó na ọwọ́ sí kíláàsì rẹ̀. Ó ti rẹ òun náà.

Ìyá Abẹ̀wò mú ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó mú òun délé. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n orúnkún Ìyá Abẹ̀wò ti di ọ̀gá lé e lórí. Ibi tí orúnkún bá ní kí wọ́n ti sinmi ni wọ́n ti ń sinmi. Wọ́n gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n rọra kọjá lórí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà. Àárẹ̀ tó wà lára Ìyá Abẹ̀wò lọ́jọ́ náà kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì dá a lójú mọ́ pé àwọn tó ń kó ọmọ lọ dín kù.

Yàrá tí wọ́n ń gbé ló kángun sí ẹ̀yìn nínú ilé gígùn kan. Àgádágodo ńlá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ níta. Ẹnìkan sì ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ìyá Abẹ̀wò fetí lélẹ̀. Ohùn ọmọdé ni. Ó ń ka ìṣirò ìlọ́po sórí, ó ṣe é tì, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ló béèrè. Ohùn náà dákẹ́ lójijì.

Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ náà yọ láti ojú ọ̀nà. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀ kiri ilé onílé. Ìdì aṣọ wà lórí rẹ̀. Bó ti rí Ìyá Abẹ̀wò, ó dúró. Ó wo ọmọ, ó wo àgádágodo, ó sì rọra sọ ìdì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú àbẹ̀wò, mà. Ẹ jẹ́ n wá àga fún yín."

"Fi àga sílẹ̀. Ta lo tì mọ́lé?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Ọmọ rẹ ọ̀tọ̀, ọmọ tí à ń sanwó fún ọ̀tọ̀? Ṣí i!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Ojú kan náà, imú kan náà. Èyí kàn fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ ni. Ìyá Abẹ̀wò yọ bàtà láti inú báàgì rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ náà. Ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ wẹ́kú.

Ara Ìyá Abẹ̀wò rọ̀ nígbà náà. Wọn kò ta ẹnikẹ́ni. Ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó yá, máa sọ̀rọ̀," ló wí.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀. Kò sunkún, ó jọ pé ó ti sun ún tán lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

"Mà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ mọ̀ pé èyí àkọ́bí ni Àǹtí Lọ́fíńdà mú lọ."

Ìyá Abẹ̀wò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ obìnrin náà. Òórùn tó máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni wọ́n fi ń pè é. Alágbàfọ̀ fi àkọ́bí sílé pé kó máa ṣọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó máa ti ibi tó ti ń fọṣọ dé, wọ́n ní ó ti bá àǹtí kan lọ. Nọ́ńbà fóònù tí àǹtí náà fi sílẹ̀ kò wọlé rí. Kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó nù lọ. Ẹni tó kú, a mọ ibi tí a sin ín sí.

"Nígbà tí ẹ wá," ni Alágbàfọ̀ ń bọ́rọ̀ lọ, "ẹ ní ẹgbẹ́ ò lè gbà ju ọ̀kan lọ nínú ilé kan. Ẹ ní kí n mú ọ̀kan. Mà, ìyá wo ló ń mú ọ̀kan? Mo rò ó títí. Mo rí i pé ọmọ tó bá wọ aṣọ ilé-ìwé, wọn kì í sún mọ́ ọn. Ni mo bá ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ wọ̀, ẹnìkan lónìí, ẹnìkejì lọ́la. Èyí tí kò bá kàn, mo máa tì í mọ́lé kí n tó jáde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èyí tó lọ á kọ́ èyí tí kò lọ. Mo máa fọ aṣọ náà, mo máa lọ̀ ọ́, mo máa ká etí síkẹ́ẹ̀tì sókè tàbí kí n tú u sílẹ̀. Ìyẹn náà ni, mà. N kò jalè."

"Ta ni orúkọ tó wà lọ́dọ̀ wa gan-an jẹ́ tirẹ̀?"

"Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ ẹ."

Ìyá Abẹ̀wò fi ọwọ́ nu ojú. Òun ló sọ pé kó mú ọ̀kan lóòótọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ra tòmátì. Òfin ni, ó sì ti sọ ọ́ nílé púpọ̀ débi pé kò gbọ́ ọ mọ́ tó bá ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ tó lè bí ni ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Màmá, jìbìtì nìyẹn," ni ọ̀gá wí.

"Ó jọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn méjèèjì."

"Ẹni tó ń sanwó, ọmọ kan ló gbà. Àwọn tó ń dúró dè wá ńkọ́, Màmá? Àwọn ilé tí wọn ò ní ẹyọ ọ̀kan? Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Òun náà kò pariwo, àárẹ̀ wà lóhùn rẹ̀. "Ó yẹ kí n yọ ilé yẹn kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n nítorí tiyín, ẹ yan ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì. Èyí tí ẹ bá yàn ni kó máa lọ, kí èkejì jókòó."

Ìyá Abẹ̀wò ṣí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò lórí fóònù. Àwọn ọmọ méjèèjì wà níwájú ògiri, ọ̀kan nínú aṣọ ilé-ìwé, ọ̀kan nínú aṣọ ilé tó ti já lápá. Alágbàfọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń tú ìdì aṣọ aláṣọ, ó ń ká èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti àbúrò rẹ̀ síwájú díẹ̀. "Ẹ ya òun, mà. Òun ló ń bẹ̀rù òkùnkùn inú ilé."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti rí ibi tí màá lọ."

Ọwọ́ Alágbàfọ̀ dúró lórí aṣọ. "Ibo?"

"Àǹtí Lọ́fíńdà wá sí ojú fèrèsé níjẹta, ẹ ò tíì dé." Ọmọ náà ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú. "Ó ní ilé-ìwé wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń lọ. Ó ní àkọ́bí wa wà níbẹ̀, ó ń béèrè mi. Ó ní tí n bá ti fẹ́, kí n kàn sọ ọ́ láti ojú fèrèsé, òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo."

Igbe tí Alágbàfọ̀ fi bọnu kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó fò dìde, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń lù ú lẹ́yìn, ó tún ń rọ̀ mọ́ ọn. Àbúrò bú sẹ́kún.

Ẹ̀rù ba Ìyá Abẹ̀wò, ẹ̀rù gidi. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé èyíkéyìí tí òun bá ya, èkejì ni òun ń nà sí Àǹtí Lọ́fíńdà. Ó tún pe ọ̀gá.

"Màmá, mi ò tíì rí fọ́tò."

"Mi ò lè yàn án, sà. Ẹ wá yàn án fúnra yín."

"Báwo?"

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni, ẹ béèrè Alágbàfọ̀. Àwọn méjèèjì á dúró níwájú yín, kí ẹ sì na ìka sí èyí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé lọ. Èmi ò ṣe é."

"Màmá, iṣẹ́ yín ni mò ń rò o."

"Èmi náà ń rò ó, sà."

Ó pa fóònù. Kò ní ọkọ tó máa gbà á sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò láti san owó ilé tó ń gbé. Ó mọ gbogbo ìyẹn, kò sì lè pe ọ̀gá padà.

"Ṣé ó ń bọ̀?" ni Alágbàfọ̀ béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Tí kò bá wá ńkọ́, mà?"

Àbúrò ti nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ ilé-ìwé, ìyá rẹ̀ kò sì bá a wí.

"Mà," ni Ẹ̀gbọ́n bi í, "nínú àwa méjèèjì, ta ló máa lọ lọ́la?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ni màá wá mú yín."

"Aṣọ kan ló wà, mà."

"Kí ọ̀kan wọ aṣọ," ni Ìyá Abẹ̀wò wí, "kí èkejì di ọwọ́ mi mú."