Mẹ́wàá Ló Sọ

Nígbà tí bíríkìlà kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn wa, ó kọ̀, kò gun àtẹ̀gùn. Ó di irin mú nísàlẹ̀, ó wòkè, ó ní ibi tí òun dé yẹn ti tó. Yàrá tí a ti ń gba àwọn èèyàn lálejò sì wà ní òkè kejì.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló já bọ́ láti òkè ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́. Pákó tó dúró lé ló yọ̀. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló so pákó náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti oṣù méje, kò fọwọ́ kan bíríkì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹkún lé e wá sọ́dọ̀ wa.

Àwa mẹ́fà là ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ jíjókòó ti ẹni tí ikú òjijì mú èèyàn rẹ̀ lọ, tí ohun tó rí kò sì kúrò lójú rẹ̀. Àwọn márùn-ún ti ka ìwé jáde ní yunifásítì. Èmi ni mo ti ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà láti ọdún méjìlélógún. Ẹ̀yìn mọ́ọ̀pù ni mo ti kọ́ èyí tí mo mọ̀ nípa ọ̀fọ̀. Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé èèyàn rẹ̀ kú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń fọ̀ ló máa ń ṣubú sí, dókítà á sì ti kọjá lọ.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ̀gá tó ń kọ́ wa. Obìnrin náà mọṣẹ́. Ó ní kí a jẹ́ kí èèyàn dijú, kó sọ bí ikú náà ṣe wáyé bíi pé òní ni, láti àárọ̀, kó tún un sọ, títí ẹnu rẹ̀ kò fi ní fo ibi tó burú mọ́. Mo gba ìyẹn wọlé. Fọ́ọ̀mù ni mi ò gbà. Ní ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ bi èèyàn pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora rẹ̀. Tí nọ́ńbà náà kò bá wálẹ̀ dé márùn-ún ní ìpàdé kẹfà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò yege. Ẹni tí kò bá yege kò ní gba káàdì. Tí mi ò bá sì ní káàdì, mọ́ọ̀pù ń dúró dè mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí mo ń pè ní Alákọ̀wé. Nọ́ńbà obìnrin opó tó ń jókòó tì ń wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ lórí àkàbà. Mo bi í bóyá obìnrin náà ti ṣí yàrá tí ọkọ rẹ̀ kú sí. Ó ní, Mọ́mì, a ò tíì débẹ̀.

Èmi mú bíríkìlà lọ sí yàrá mọ́ọ̀pù lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó jókòó sórí garawa, èmi náà dojú garawa tèmi dé, mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé àkókò àbúrò òun ló tó.

Mo ní, “Irọ́ ni. Pákó ló yọ̀.”

Ìgbà yẹn ló tó wo ojú mi.

Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi okùn, á fò ó dé ibi ìsìnkú. Ìpàdé kẹrin ni kò fò ó. Ó ní kókó mẹ́ta lòun máa ń ta sí okùn. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ yanrìn dé, wọ́n pe òun, òun sì fi í sí méjì.

Alákọ̀wé ìbá ti sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni mí tí mo fi mọ̀? Mo bi í pé kí ni àbúrò rẹ̀ ń ṣe nígbà tó ń ta kókó náà lọ́wọ́. Ó ní àbúrò òun ń fi ikùn òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní tí pákó bá máa ṣẹ́, ikùn ẹ̀gbọ́n òun ló máa ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í ní nọ́ńbà. Mẹ́wàá.

Ní ìpàdé kẹfà, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì lẹ́nu Alákọ̀wé.

“Ìyá, ẹ kọ mẹ́rin. Kí ló máa ná mi?”

“Mélòó ni?”

“Mẹ́wàá.”

“Mẹ́wàá ni màá kọ nìyẹn. Òkú tó o gbé kọ́rùn ò tíì tó ọ, o tún fẹ́ gbé ìdánwò mi lé e.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá àti ọkùnrin méjì onítáì jókòó lókè kejì. Ọ̀kan bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí nǹkan kan kò wálẹ̀. Ọ̀gá ń wá ọ̀nà tí màá gbà bọ́. Ó ní bóyá ìbéèrè náà ni kò yé bàbá náà. Mo ní ó yé e. Ẹni tó ti ń wọn ògiri láti kékeré mọ nọ́ńbà.

Ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Á dún, á dúró pẹ́, á tún dún. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, bíríkìlà ni, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì gbẹ mọ́ ló wọ̀, òógùn sì ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lára.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.”

Onítáì bi í pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ni.

“Àtẹ̀gùn yín. Èyí tó ṣìkejìlá ga ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ṣe é ò mọṣẹ́.”

Ó rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó wolẹ̀. Kò gbé ojú kúrò. Ọ̀gá bi í jẹ́jẹ́ pé ìrora rẹ̀ ńkọ́.

“Mẹ́wàá ni. Àbúrò mi ló kú. Ẹ fẹ́ kí n dín in kù ni?”

Ọ̀gá gbé gègé. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti gùnkè, òun lè fi sí mẹ́rin fún mi. Mo ní rárá. Kó fi mẹ́wàá sílẹ̀, kó kọ àtẹ̀gùn náà tì í. Ó ní kò sí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

“Ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.”

Ó wò mí, ó yí i padà, ó kọ nǹkan tó gùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ìwé ni àwọn onítáì ń kà. Wọ́n ní mi ò yege, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Màá padà wá. Nọ́ńbà tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá sọ fún mi náà ni màá kọ, kódà kó jẹ́ mọ́kànlá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ọ̀pù ṣì wà lápò mi. Kò sẹ́ni tó rántí gbà á, garawa méjèèjì sì wà níbẹ̀.

A jáde. Bíríkìlà dé orí àtẹ̀gùn, kò lè gbẹ́sẹ̀.

“Ìyá, gígùn nìkan ni mo rò. Mi ò ro sísọ̀.”

Mo ní èmi náà ò rò ó. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin, òun fara ti ògiri, a ń sọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé èyí tó ga ju àwọn yòókù, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó pòṣé. Ó ní tí wọ́n bá fún òun ní sìmẹ́ǹtì díẹ̀, òun á tún un ṣe lọ́la.

Mo ní kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná.