Ohun Tó Wà Lókè Orúkọ Bàbá Mi

Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo tún tẹ orúkọ bàbá mi sórí fóònù, mo tẹ "olùkọ́", mo tẹ "Ìlárá Rẹ́mọ" tẹ̀ lé e, mo dúró kí àmì róbótó yẹn yí, kó yí, kó yí — òun ló tún kọ́kọ́ yọjú. Kì í ṣe àròkọ tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe fọ́tò bàbá mi nínú kóòtù aláwọ̀ eérú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Òun ni. "Etí Mi Òsì." Àkòrí ohun tí ẹlòmíràn kọ ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó jókòó lé orúkọ bàbá mi lórí, kò sì fẹ́ dìde.

Òní Àìkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun... ọ̀túnla nìyẹn. Ọ̀túnla ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa fẹnu kò lórí orúkọ tí wọ́n máa kọ sára ilé ìkàwé tuntun tí wọ́n kọ́ fún ilé ìwé wa. Ọládàpọ̀, akọ̀wé wọn, ti pè mí. "Ànú, gbogbo wa la fẹ́ kó jẹ́ orúkọ Bàbá Kọ́mọláfẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè òkun ń yẹ orí Google wò. Nǹkan yẹn... Tó bá ti lè kúrò lójú ewé àkọ́kọ́, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á..." Kò parí ẹ̀. Èmi náà ò sọ pé kó parí ẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe wà níbí. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń wọ ọkọ̀ láti Ìlárá wá sí Ìkẹ́nẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti bí oṣù mẹ́ta, tí mò ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, tí mò ń jókòó sórí àga oníke pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà, tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé orúkọ lọ sókè lórí ẹ̀rọ ayélujára. Jùwọ́n ló ń kọ́ wa. Mo lè bí i bí mo bá tètè bímọ, àmọ́ Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti sọ ọ́: "Ojú ewé kejì Google, igbó ni. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó lọ ná ọjà nínú igbó rí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Igbó. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ó lọ.

Ó béèrè lọ́wọ́ kálukú ohun tó ń tà. Alájì Fàsásì láti Ṣàgámù ní obì lòun ń tà, bàbá òun ló fi òwò náà sílẹ̀ fún òun. Ìyá kan ní aṣọ ọmọ ọwọ́. Ó kàn mí, ẹnu mi sì kàn sọ ọ́: "Orúkọ." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù! Alájì kọ ọ́ sórí ojú ewé tiwọn pé "Obì tó dára jù lọ ní gbogbo àgbáyé". Jùwọ́n ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wá bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ pé Kánò lẹ wà, tí obì ti tán nílé yín, kí lẹ máa tẹ̀?" Alájì họrí, họrí. "Màá tẹ̀... èló ni àpò obì ní Ṣàgámù." "Ẹ kọ ìyẹn!" Wọ́n kọ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́nìkan fi pè wọ́n láti Kánò lóòótọ́. Alájì ra mínírà fún gbogbo wa. Mo mu tèmi, mo tún tẹ orúkọ bàbá mi. Obì ti lọ sókè. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ti lọ sókè. Orúkọ bàbá mi...

Mo ti kọ àròkọ mẹ́jọ. Mẹ́jọ! "Olùkọ́ Ìṣirò Tí Ìlárá Ò Lè Gbàgbé." "Ọgbọ̀n Ọdún Lójú Pátákó." Mo kọ bí wọ́n ṣe máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá lọ sílé. Òótọ́ ni, mo rí i. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń ra ìwé fáwọn tí òbí wọn ò ní. Òótọ́ nìyẹn náà. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fèsì sí i, kí wọ́n pín in, nítorí Jùwọ́n ní ibi tí èrò bá wà ni Google náà ń lọ. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n fèsì. Ọládàpọ̀ ló kọ́kọ́ kọ pé, "Àwọn ló sọ mí dèèyàn." Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì bàbá mi. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọdúnayọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ó kà á. Mo rí àmì búlúù méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ò moore...

Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyẹn. Ó ti wá di tèmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi nǹkan náà hàn wọ́n, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ kíláàsì wa àtijọ́. Wọn ò kà á, orúkọ yẹn nìkan ni wọ́n wò, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. "Ọmọ yẹn ò moore. Ànú, ṣe nǹkan sí i." Láti ọjọ́ náà, wọn ò kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun àwọn. Wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, àwọn tó jẹ́ pé àga iwájú ni wọ́n ti ń jókòó kí wọ́n tó bí mi. Àròkàn wá mú wọn gbẹ bí igi ìdáná. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pè mí: "Ó ti lọ sílẹ̀?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Kò kù díẹ̀. Kò tiẹ̀ mira.

Màmá mi nìkan ni kò bá mi sọ̀rọ̀ Google. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ kan, wọn ò gbójú sókè. "Ànú, bi bàbá rẹ. Bi wọ́n kó o tó kọ̀wé." Mo ní, "Kí n bi wọ́n ní kí ni, Màmá?" Wọ́n wò mí. Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Kí n bi wọ́n ní kí ni? Mi ò... Bàbá mi sọ pé ọmọ náà ò moore. Bàbá mi sọ pé ayé ti bàjẹ́. Bàbá mi sọ pé láyé ìgbà yẹn kò sí olùkọ́ tí kì í na ọmọ. Mo ń rò ó, mo ń tú orí mi láti ìdí dé òkè, mò ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo — "Mi ò ṣe é." Mi ò rí i. Wọn ò sọ ọ́ rí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta, wọn ò sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rò pé mo ti mọ̀ pé wọn ò ṣe é. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, ṣé dandan ni kó máa pariwo?

Jùwọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀. Ó fún wa níṣẹ́ kó tó lọ. Iṣẹ́ burúkú. "Ẹ ṣí ojú ewé tó ń ta yín yọ. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má fo ìlà kan. Ẹ wá kọ ohun tó ní tí tiyín ò ní." Gbogbo wọn ti dorí kodò sórí fóònù. Alájì ń ka tiwọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mi ò kà á rí. Ẹ wo nǹkan ìtìjú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá a jà, mi ò kọjá ìlà kejì rí. Mo máa ń rí i, mo máa ń rí àkòrí rẹ̀ nígbà ogún lójúmọ́, kí n tó mọ̀, mo ti kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì ni. Iṣẹ́ kíláàsì lásán ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.

Ó kúrú. Mo rò pé á gùn ju báyìí lọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ìṣirò ìdá ni wọ́n ń kọ́ wa lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ìdá." Ibi tí mo ti máa ń dúró nìyí. "Ẹni tá a jọ jókòó mọ̀ ọ́n. Ó ya ewé kan lẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó kọ ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i, ó tì í sábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Àánú mi ló ṣe é."

Ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Ọdúnayọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọdúnayọ̀ ni, ìdí tí kò fi fèsì fún mi nìyẹn... Rárá. Ẹ̀yìn ni Ọdúnayọ̀ máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ní gíláàsì, òjò ló máa ń bá a níbẹ̀ tá a fi ń pè é ní Ìyá Olómi. Ta ló wá... Máa kà á lọ.

"Ọ̀gá Kọ́mọláfẹ́ rí ìwé náà. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, 'Ta ló fún ọ?' Mi ò dárúkọ. Wọ́n tún bi mí. Mi ò dárúkọ. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì gbá mi létí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn náà ò tíì ṣí títí dòní. Mi ò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi ló bi mí pé, 'Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń yí orí tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀?' Òun ni mo kọ ọ́ fún. Ẹni tó fún mi níwèé, mi ò dárúkọ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ọmọdé lòun náà."

Ó parí. Kò sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi àyè tí èèyàn lè fèsì sí. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Òróró àgbọn. Kí ló dé tí mo ń gbọ́ òórùn òróró àgbọn? Òun ni ìyá Ayọ̀mípọ̀sí máa ń fi pa á lórí, ó máa ń dán... ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ni. Ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún ló máa ń jókòó. Àga kejì láti iwájú, lẹ́bàá ògiri. A jọ ń pín ráàbà kan lò, a gé e sí méjì. Ó ń sunkún. Kò sunkún sókè, omi kàn ń kán sórí ìwé rẹ̀, ìdá náà sì ń pa rẹ́. Mo sì...

Rárá.

Mo sì ya ẹ̀yìn ìwé mi.

Ọlọ́run mi. Màmá mi bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ẹni tó ya ìwé mi. Mo ní mi ò mọ̀. Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu mi, mi ò mọ̀, mi ò mọ̀, mi ò sì wá mọ̀ mọ́ lóòótọ́. Ìró rẹ̀ nìkan ló kù, ìró àtẹ́lẹwọ́ sí etí. Mo gbọ́ ọ. Mi ò gbójú sókè. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí mi lọ, mo sì ń bá ìṣirò mi lọ. Èmi tó ń sọ pé àwọn èèyàn ò moore! Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi bò mí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa gbé e jù sígbó.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi wò ó pẹ́? Ó kọ ọ́ síbẹ̀: wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó pẹ́. Ìdáhùn mẹ́wàá, ìlà mẹ́wàá, kí ló pẹ́ níbẹ̀ fún olùkọ́ ìṣirò...

Méje.

Ìdá méje ló kún inú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Nínú gbogbo kíláàsì, èmi nìkan ló máa ń fa ìlà sí méje láàárín. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀ pé méje mi wọ bẹ́líìtì. Nílé ni mo ti kọ́ ọ, nínú pálọ̀ wa, lórí tábìlì oúnjẹ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé rárá. Bàbá mi ló fi ọwọ́ wọn mú ọwọ́ mi. "Fa ìlà sí i, Ànú, kó má baà jọ ení."

Wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé ìwé yẹn sókè, wọ́n rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Wọ́n wá ń bi ọmọ ọlọ́mọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ní ohun tí wọ́n ti mọ̀, èmi sì wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọn ò wò mí. Ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ dárúkọ mi? Àbí wọ́n fẹ́ kó dárúkọ mi? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, èmi àti bàbá mi ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Bíró pupa. Mo gbé e lọ sílé, mo fi han Màmá.

Jùwọ́n ti ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ̀, mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀. Fóònù mi ń gbọ̀n lórí tábìlì, orúkọ bàbá mi ló wà lójú rẹ̀. Mi ò gbé e. Ìwé iṣẹ́ kíláàsì mi ṣí sílẹ̀ níwájú mi, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo mú bíró. Mo kọ méje kan.

Ọwọ́ mi ò bi mí. Ó fa ìlà sí i láàárín.