Ajá Tí Kò Gé Ẹnikẹ́ni Jẹ

Nígbà tí ajá baba awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ oúnjẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ohun tí baba náà sọ ni pé eegun ló há a lọ́fun. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu ajá là sílẹ̀, kò lè pa á dé, kò sì lè gbó. Ọwọ́ baba tóbi jù, ló bá ké sí ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, tí kò fẹ́ràn ajá náà láti ọjọ́ tó ti dé. Obìnrin náà kùn títí, síbẹ̀ ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò rí eegun kankan.

Ajá kú. Baba ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé jẹ. Pẹ̀lú ìbínú ló fi gbé òkú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó lè rí ẹ̀rí fi bá aládùúgbò fà á. Nígbà tó padà lọ gbọ́ èsì, ohun tó gbọ́ yàtọ̀.

"Kì í ṣe májèlé, Baba. Dìgbòlugi ni."

"Dìgbòlugi kẹ̀? Ajá tí kò gé eṣinṣin jẹ!"

"Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gé èèyàn jẹ. Àgbọ̀n àwọn mìíràn á kàn rọ, itọ́ á máa dà, inú itọ́ yẹn sì ni àrùn wà. Ta ló fọwọ́ kàn án lẹ́nu? Ṣé egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Baba rántí ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ fún dókítà. Ọwọ́ aránṣọ wo ni abẹ́rẹ́ kì í gún?

"Kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ̀yin méjèèjì sì lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí àìsàn náà bá ti yọjú, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Nígbà tí baba délé tó sì rò ó fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ajá ò gé mi jẹ, ẹ wá ń lé mi lọ sọ́sibítù. Ẹ jẹ́ n parí aṣọ àwọn ọmọ iléèwé yìí ná. Ṣebí nígbà tí mo ní n ò fẹ́ ajá, ẹ ò gbọ́ tèmi?"

Baba kì í bẹ èèyàn; igbe ló mọ̀ ọ́n ké. Lọ́jọ́ náà, igbe kò jáde. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ, ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

"Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ní kó o kọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ajá lọ, mo gbà. Tó bá jẹ́ ìwọ ló lọ, ta ni màá máa bá jà?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí omi níbẹ̀. Ló bá dìde, ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ nídìí omi.

"Ẹ dìde lórí aṣọ oníaṣọ," ló wí nígbà tó dé. "Ẹ bá mi wá bàtà mi."