Ìyàwó Idẹ Tí Kò Lè Kúnlẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo lá àlá pé ère obìnrin tí mo fi idẹ ṣe wọlé tọ màmá mi, ní ìhòòhò, ó ní òun ni ìyàwó tuntun. Ìhòòhò ò tiẹ̀ dun màmá.

"Ṣé orí ìdúró ni wọ́n ti ń kí ìyá ọkọ nílé yín?"

"Ẹ má bínú, mà. Bí ọmọ yín ṣe ṣe mí nìyí, orúnkún mi ò ká."

Màmá gbé ọmọ odó, ó ń fi gbá a lórúnkún, idẹ ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aládùúgbò sì ń gbé Bíbélì wọlé wá jọ́sìn. Ni ère bá kọjú sí mi: "Ìwọ tó o ṣe mí lórí ìdúró, wá bá mi kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo lajú sí, lórí ìkúnlẹ̀, tí ìyàwó mi ń wò mí.

"Bàbá Ṣadé, kí lẹ tún ṣe?"