Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Abdul-Ganiyu

Kò sí ohun tí Abdul-Ganiyu fi ń yangàn ní àdúgbò Adjamé, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, tó ìwé ẹ̀jẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìkòkò rẹ̀ méjèèjì kò tó o, Mẹ́kà tó lọ pàápàá kò tó o. Òun ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ibẹ̀ pé, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kí bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó gbé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn síwájú Alfa. Ọdún méjìlá rèé, kò sẹ́ni tó yarí.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, ó kan ilé tirẹ̀. Sìrájù ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé Khaleelah, ọmọ Ìbráhìm aláṣọ, níyàwó. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Khaleelah ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Siporex. Níwájú Alfa àti ẹbí ìyàwó, Abdul-Ganiyu tẹ́ ìwé ọmọ rẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tẹ́ ìwé ilẹ̀.

Alfa wò ó. "Alihamudulilahi! Kò sí éèdì. Ara ọmọ yìí mọ́."

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dúpẹ́." Sìrájù ti dọ̀bálẹ̀. "VIH tó ń fa éèdì nìkan ni test yẹn wò. Khaleelah ló sọ fún mi pé àwọn àìsàn ìbálòpọ̀ máa ń rìn pọ̀, pé ẹni tó bá wá ọ̀kan, kó wá gbogbo wọn. Àwa méjèèjì lọ ṣe é. Wọn ò rí nǹkan kan lára tiẹ̀. Lára tèmi, wọ́n bá àtọ̀sí, wọ́n tún bá chlamydia. Ibì kankan ò dùn mí rárá, n ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ti lo oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún ọjọ́ náà síwájú, deux mois, oṣù méjì péré, kí n lè tún test ṣe."

Ojú gba Abdul-Ganiyu tì. Bí Ìbráhìm bá dìde báyìí, ìgbéyàwó tú nìyẹn, orúkọ òun náà á sì bá a lọ. Ó yíjú láti bú ọmọ náà. Ọmọ náà ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Bó bá panu mọ́, ta ni ì bá mọ̀? Òun fúnra òun, nígbà ọ̀dọ́ òun, irọ́ gbuu lòun ì bá pa. Inú rẹ̀ wá wú.

"Ìbráhìm," ló wí, "bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi lò ń wò yẹn! Òfin tí mo ṣe, ààbọ̀ ni. Àwọn ọmọ yìí ló parí ẹ̀. Láti òní lọ, ìwé tí ò bá wo gbogbo ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé orí ẹní yìí mọ́."

Ìbráhìm kò dìde. "Mo gba deux mois," ló wí. Ló bá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o láya méjì ńkọ́, Ganiyu? Ìgbà wo lo ṣe tìẹ?"

Ọdún méjìlá tó ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Abdul-Ganiyu kò fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ rí. Ó gbé agbádá lé èjìká, ó yíjú sí Khaleelah tó jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa, aago mélòó lẹ ń ṣílẹ̀kùn ní Siporex?"

"Sept heures, Papa. Aago méje àárọ̀."

"Kọ orúkọ wa sílẹ̀. Àwa mẹ́ta ni."