Bọ́tà Lórí Ẹyin Aláròyé

Ọmọbìnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀, tó ń jó irin mọ́rin ṣe géètì, fi sọ ọ́ ní Aláròyé. Ṣùgbọ́n bí wárápá bá ti gbé e, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ojú á yí, á sì ṣubú níbikíbi tó bá wà. Wọ́n lo oògùn títí, pàbó ló ń já sí.

Nígbẹ̀yìn, dókítà obìnrin kan ní kí wọ́n yọ ṣúgà, kí wọ́n dín oúnjẹ onísítáàṣì bí ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù gidigidi, kí wọ́n wá máa fi ọ̀rá kún gbogbo ohun tí ọmọ náà bá ń jẹ. Ó ní òun yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọ̀rá kẹ̀?" ni ìyá Aláròyé, tó jẹ́ aránṣọ, wí. "Èmi tí mo máa ń gé e dànù lára ẹran?"

"Ẹ má gé e dànù mọ́, Màmá. Òun gan-an la fẹ́ fi ṣe oògùn."

Láti ìgbà náà, bọ́tà ni ìyá fi ń din ẹyin. Bí ẹ̀fọ́ bá jinná tán, á tún da òróró lé e. Tawọtawọ ló ń se adìẹ. Á tẹ píà mọ́ ẹja, á sì fi ṣíbí bu òróró ìsàlẹ̀ abọ́ fún ọmọ náà mu.

"Màmá, ètè mi ń yọ̀," ni Aláròyé máa ń wí. "Bí mo bá fẹ́ pa irọ́ kan, á yọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó pa á!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá gbóòórùn búrẹ́dì aládùúgbò, ẹkún ni. Bàbá, ẹni tó fẹ́ràn búrẹ́dì bí ojú, kò mú un wọlé mọ́. "Ohun tí ọmọ mi ò lè jẹ, kò lè wọ ọ̀fun èmi náà."

Oúnjẹ ọ̀hún ṣiṣẹ́. Wárápá dín kù, ó sì dà bí ẹni pé ó ti lọ. Aláròyé padà sílé ìwé. Ìyá rán aṣọ tuntun fún un, nítorí ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá lọ jí i. Ó dojú dé ìrọ̀rí, ara rẹ̀ ti tutù. Ojú oorun ni wárápá ti ká a mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Igbe ìyá ló kó àwọn aládùúgbò jọ; àwọn ló sáré lọ pe bàbá níbi iṣẹ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ wá sílé. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ọ̀rá yẹn ni kò tó? Ṣé ó yẹ kí n tún fi kún un ni?"

"Ó tó, Màmá. Ẹ ò jẹ̀bi rárá. Gbogbo ohun tí ìyá lè ṣe lẹ ṣe."

"Ó tó," ni ìyá wí, "ọmọ mi sì kú."

 Bàbá jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá wá jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún nínú àwọn méjèèjì.